Ìkòkò Tí Bàámi Kò Jù Sí Mi

Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì dára kí n tètè sọ ọ́. Kì í ṣe pé n kò lè kọ̀wé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, yàrá kan ni mo sì háyà nítòsí ibùdókọ̀ Bẹ́ńsìn n'Ìkòròdú, níbi tí mo ti ń retí iṣẹ́ tí kò tíì dé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Tí mo bá kọ ọ́ tí kò dùn, àwọn èèyàn yóò rò pé ìtàn náà ni kò dùn, bẹ́ẹ̀ èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kọ. Ti bàbá bàbá mi ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ìgbà èwe wọn gbá bésíbọ́ọ̀lù jẹun nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ọ́. Nígbà mìíràn èmi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, ìyẹn a sì máa tì mí lójú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kí wọn. Mo yà sí Ọjà Olúwo, mo ra ẹja yíyan tí wọ́n fẹ́ràn. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi àti Rùkáyà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣì wà nílé-ìwé girama, jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá na ike omi sí Rùkáyà. Fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ló bá na ọwọ́ òsì. Bàbá kò fi ike náà sílẹ̀. Mo mọ bí àwọn àgbà ilé wa ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Rùkáyà yára sọ, ó ju fóònù sí itan. "Ọwọ́ ọ̀tún ló wà lẹ́nu iṣẹ́."

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ike náà lé e lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọwọ́ òsì ló lé mi kúrò nílé, òun náà ló mú mi wọlé padà. Ẹ sún mọ́ mi." Wọ́n gbójú sókè wo ìṣasùn dúdú kékeré kan tó wà lórí pákó lókè ilẹ̀kùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi se ọbẹ̀ rí nílé wa. Ohun tí wọ́n sọ nìyí. Mo gbìyànjú láti má fi tèmi kún un.

* * *

Ẹ̀yin ò mọ Èjìnrìn. Orúkọ rẹ̀ lẹ mọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀ lónìí, ẹ ó rí ọkọ̀ díẹ̀, ẹ ó rí apẹja mélòó kan, ẹ ó sì rí etí ọ̀sà tó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tiwa, tí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, a kì í rí omi mọ́. Ọkọ̀ ló bò ó. Ọkọ̀ ń ti Èkó bọ̀, ọkọ̀ ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, òmíràn ń ti apá ìlà oòrùn bọ̀ pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò. Kí a tó rí wọn la ti ń gbọ́ wọn. Atukọ̀ yóò máa fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti kí èbúté, gbà, gbà, gbà, àwọn adìyẹ ilé a sì tú ká. Ẹ̀yin ń gbọ́ fèrè mọ́tò, ẹ sì ń di etí. Àwa kì í di etí sí gbígbá yẹn. Ó túmọ̀ sí pé a ó jẹun.

Iṣẹ́ Bàámi ni ìkòkò. Má rẹ́rìn-ín, Rùkáyà. Iṣẹ́ gidi ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ a yọ. Ọkọ̀ tó ru ìkòkò amọ̀ kò lè gúnlẹ̀, torí tó bá há sínú ẹrẹ̀ tí wọ́n bá ń tì í, ìkòkò á máa gbá ìkòkò, kí wọ́n tó dókè, èéfọ́ ni wọn ó kó. Nítorí náà làwọn ọkùnrin ṣe máa ń wọ omi dé ìbàdí. Wọn a tò láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí dé ilẹ̀ gbígbẹ, wọn a sì máa ju àwọn ìṣasùn láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹnìkejì. Ẹni tó bá jù ú a ké pé, "Ó dọ́wọ́ o?" Ẹni tó hán an a dáhùn pé, "Ó dọ́wọ́!" Bí kò bá tíì dáhùn, ẹni tó jù ú kò gbọdọ̀ yíjú padà láti mú òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó ṣe máa pè é, wọn ó máa jẹ́ ẹ, láti àárọ̀ títí oòrùn fi máa kan àtàrí. Mo ti gbọ́ ariwo àwọn èèyàn tó kún pápá ìṣeré bámú bámú. Kò sí èyí tó balẹ̀ sí mi láyà bí ohùn àwọn ọkùnrin yẹn lórí omi.

Bàámi ni olórí wọn. Ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, láti inú àwọn tí baba wọn bá ọba ṣí kúrò l'Ékòó láyé ijọ́un. Ẹni tí wọ́n ti lé baba rẹ̀ kúrò nílé rí kì í fi ọ̀rọ̀ ilé ṣeré. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ọsàn tí kò tíì pọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù sí mi, lẹ́yìn náà igbá, lẹ́yìn náà ìkòkò. "Má dúró dè é bí ògiri," ni wọ́n máa ń sọ. "Bá a rìn díẹ̀. Ìkòkò kì í fọ́ mọ́ ẹni tó bá bá a rìn lọ́wọ́." Èyí àkọ́kọ́ tí mo hán fọ́ sí mi láyà. Obìnrin amọ̀kòkò tó wà nínú ọkọ̀ káwọ́ lérí: "Yéè! Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí! Ó fi ìkòkò mi wẹ̀!" Gbogbo omi fi mí rẹ́rìn-ín. Bàámi kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì nà mí. Wọ́n ní kí n máa fi ẹsẹ̀ wá èéfọ́ náà nínú ẹrẹ̀, kí ó má baà gé ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń jẹ mọ́ínmọ́ín lókè.

Wọ́n ní òfin kan. Ìkòkò àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í jù ú. Àgbà inú ọkọ̀ ló máa fi lé ẹni tó wà níwájú lọ́wọ́, onítọ̀hún a sì kí i, a fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, kí òsì tó gbè é lábẹ́. Ní ọjọ́ kan, ẹja àrọ̀ ta Múfú lọ́wọ́ ọ̀tún. Múfú yìí ló lágbára jù nínú wa. Ó na òsì gba ìkòkò lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan. Bàámi ní, "Jáde nínú omi."

"Ọwọ́ ló ń dùn mí, Bàbá."

"Ṣé ẹnu náà ń dùn ọ́? O ò lè sọ pé, 'Ẹ má bínú, òsì ni'?"

Múfú jáde, ó jókòó sórí iyanrìn bí ẹni tí wọ́n gba aya rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Lọ́dọ̀ Bàámi, èyí kì í ṣe òwe. Bí ayé ṣe dúró nìyẹn.

Àṣà kejì tún wà, òun ló dé ìdí ọ̀rọ̀ mi. Bí ọmọ àwọn oníṣẹ́ ìkòkò bá ń lọ sí ìrìn-àjò jíjìn, bàbá rẹ̀ ló máa ju ìṣasùn kan sí i létí omi. Bí ó bá hán an láìfọ́, wọ́n gbà pé ọ̀nà rẹ̀ kò ní fọ́. Yóò gbé e dání lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ju ìkòkò sí, kódà kó lọ ibi tó dára, bí ẹni tó sá nílé ló rí. Lóde òní, ẹ ń lọ pápákọ̀ òfurufú, ẹ ń ya fọ́tò. Ó dára. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í bi yín pé, "Ó dọ́wọ́ o?"

Wọ́n fi mí sí ilé-ìwé l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Tíṣà òyìnbó kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tó kó àpò kan dé, àpò náà kún fún ìbọ̀wọ́ aláwọ. Ó kọ́ wa ní eré tí a ń pè ní bọ́ọ̀lù onígi, òun lẹ̀ ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnìkan a ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnìkan a fi igi gbá a, ẹnìkan a sì lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi láti hán èyí tí igi bá tàsé. Ibi tí mo ń sọ yẹn, gbogbo ọmọ ló ń sá fún un. Bọ́ọ̀lù a máa gba ojú èèyàn kọjá bí òkúta. Èmi nìkan ni kò bà lẹ́rù. Kí ni bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò? Bọ́ọ̀lù kì í fọ́.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: ọwọ́ òsì ni wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ yẹn sí. Ní ọjọ́ tí tíṣà fúnra rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù sí mi, ara mi kọ̀ ọ́. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó tún jẹ́ tíṣà mi. Bí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń bọ̀, mo fa òsì sẹ́yìn, mo na ọ̀tún lófìfo. Ẹ wo ìka àárín yìí. Ọjọ́ yẹn ló wọ́.

Tíṣà sáré wá. "Kí ló dé? Kí nìdí tí o fi yọ ìbọ̀wọ́ kúrò lójú ọ̀nà?"

"Sà," mo ní, omijé ti dà sí mi lẹ́nu, "ẹ jù mí lọ."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì fún un, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi àti òun jọ ro ọ̀nà kan. Kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù, n ó gbé ọ̀tún lé àyà, n ó tẹ orí ba díẹ̀. Ìkíni ni. Ọ̀tún ti kí wọn, òsì lè gbà. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fi eré náà sílẹ̀, n kò gba bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí i. Àfi ẹyọ kan.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde ilé-ìwé, tíṣà ní òun ti bá àwọn ẹgbẹ́ kan sọ̀rọ̀ nílé wọn, pé wọ́n fẹ́ dán mi wò, wọn ó sì máa san owó fún mi lórí eré. Ó ránṣẹ́ pe Bàámi kí wọ́n wá wo ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Bàámi wá tòun ti agbádá. Ìdílé àwọn ọmọ ilé-ìwé kún ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tíṣà fẹ́ bu ọlá fún wọn, ló bá fi bọ́ọ̀lù lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n ju ti àkọ́kọ́. Bàámi dì í mú, wọ́n wọ̀n ọ́n wò bí ìkòkò. Mo ṣì ń ṣe okùn bàtà mi, n kò tíì kí wọn. Wọn kò dúró. Létí omi, ẹnikẹ́ni kì í dúró kó tó jù ú. Wọ́n jù ú. Mo gbójú sókè, ọwọ́ òsì mi ti lọ kí ọkàn mi tó mọ̀. Ó hán an.

Bàámi ké pé, "Ó dọ́wọ́ o?" Mo dáhùn. Allahu mọ̀ pé mo dáhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo pápá ti hó yèè, ariwo náà sì gbé ohùn mi mì. Mo rí i tí wọ́n dúró síbẹ̀, tí wọn kò yíjú padà, tí wọ́n ń retí. Lẹ́yìn náà wọ́n ká agbádá lé èjìká, wọ́n lọ sílé.

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀.

"Ta ni mo jẹ́ sí ọ?"

"Bàbá mi ni yín, Bàámi."

"Ọwọ́ wo lo fi gba nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ lójú gbogbo Ẹ̀pẹ́?"

"Òsì ni. Ìbọ̀wọ́ yẹn ni wọ́n ń fi sí…"

"Ìbọ̀wọ́ ni mo bi ọ́?"

Ìyá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Olówó orí mi, eré ni wọ́n ń ṣe."

"Èmi náà bá wọn ṣeré. Mo jù ú, mo pè é. Kò jẹ́ mi."

"Mo dáhùn, Bàámi! Ariwo ni kò…"

"Mi ò gbọ́." Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri. "Máa lọ. Mi ò ní di ọ̀nà mọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní ju ìkòkò fún ọwọ́ tí kò mọ ẹni tó bí i."

Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Ìyá mi nìkan ló sìn mí dé etí omi. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn bóyá Bàámi á yọ. "Wọn á jù ú," ni ìyá mi ń sọ, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú. "Bó pẹ́ bó yá, wọn á jù ú."

Ẹ ń fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbá a fún owó, ó sì bọ́ mi. Àwọn ìlú kéékèèké ni, bọ́ọ̀sì láti ọ̀kan dé ìkejì, òtútù tó ń mú kí bọ́ọ̀lù ta ọwọ́ bí agbọ́n. N kò dé orí òkè téńté níbi tí orúkọ èèyàn ti ń di ńlá. Mo hán bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn kan tó dé ibẹ̀ lẹ́yìn mi. Nígbà tí mo bá gbé ọ̀tún lé àyà, àwọn kan rò pé oògùn ni mò ń sà. Ọ̀kan nínú wọn pariwo láti ìjókòó pé kí n gbàdúrà kí n má gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn tó ń jù ú sí mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí ba padà. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kì í pariwo lọ́wọ́ mi. Lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, a dún bí ìgbájú; lọ́wọ́ mi, a kàn wọlé ni. Wọ́n bi mí léèrè àṣírí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá a rìn díẹ̀. Bí mo bá ti hán an, n ó sọ lábẹ́ ètè pé, "Ó dọ́wọ́." Kò sí ẹni tó bi mí. Mo kàn ń dáhùn ìbéèrè àtijọ́ yẹn lójoojúmọ́ ni, bóyá ó lè gba orí omi kọjá.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó tó. Ẹni tó ń lóṣòó jẹun, orúnkún rẹ̀ ni olówó iṣẹ́. Mo padà sílé. Mo gba etí omi Èjìnrìn kọjá, mo rò pé mo ṣìnà. Ọ̀nà mọ́tò ti gba ọjà lọ́wọ́ omi. Ike àti ìkòkò irin ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ amọ̀. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni lórí ọ̀sà.

Ìyá mi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di apá mi mú. "Rọra. Àrùn kan ti mú apá ọ̀tún bàbá rẹ lọ. Láti ìgbà náà, wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́." Wọ́n ṣàlàyé fún mi. Bí àwọn ọmọ ilé bá wá kí Bàámi, ojú ni wọ́n fi ń júwe ẹ̀pà fún ìyá mi kí wọ́n bá wọn fún àwọn ọmọ náà. Wọn kò jẹ́ na òsì sí ọmọ ẹlòmíràn láé. Kódà wọn kì í ju ọwọ́ sí ẹni tó ń lọ. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ fi nǹkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó jókòó síbẹ̀, ọwọ́ kan kú, òun fúnra rẹ̀ sì ti èkejì mọ́lé.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. Oòrùn àárọ̀ wà lórí ilẹ̀. Bàámi ò wo ojú mi. Ọwọ́ mi tí mo fi tilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Kí ló ṣe ìka yẹn?"

"Ilé-ìwé ni, Bàámi. Tíṣà ju bọ́ọ̀lù sí mi. N kò fẹ́ fi òsì gbà á lọ́wọ́ wọn."

"O fi ọ̀tún gbà á? Lófìfo?"

"Wọ́n jù mí lọ, Bàámi."

N kò sọ fún wọn rí. Nígbà yẹn, ìyá mi ní kí a má da Bàámi láàmú, wọ́n bá mi sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ló há mi lọ́wọ́. Bàámi pa ojú dé. Mo rò pé wọ́n ti sùn. Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n pe ìyá mi pé, "Gbé e wá."

Ìyá mi kò béèrè pé kí ni. Wọ́n lọ sábẹ́ ibùsùn, wọ́n gbé ìṣasùn yìí jáde, òun ni mo ń wò lókè yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ ló ti wà níbẹ̀. Bàámi ti yàn án fún ìrìn-àjò mi lọ́jọ́ eré yẹn, kí wọ́n tó lọ sí pápá.

Ìyá mi gbé e lé wọn lọ́wọ́ òsì. Mo dìde, mo fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, bí a ṣe ń ṣe létí omi.

Bàámi wò mí. "Ọwọ́ kan ló kù sí mi lára," ni wọ́n sọ. "Má bínú. Òsì ni."

Ẹ̀yin ọmọ, bàbá kì í bẹ ọmọ báyìí. Mo gbé ọ̀tún lé àyà, mo tẹ orí ba. Wọ́n jù ú. Kò ní agbára, ó ya sí apá òsì mi, ó sì ń bọ̀ nílẹ̀ nílẹ̀. Orúnkún mi kọ̀, ṣùgbọ́n mo lóṣòó, òsì mi lọ pàdé rẹ̀, ó bá a rìn díẹ̀. Kò dún rárá.

"Ó dọ́wọ́ o?"

Kò sí ariwo kankan nínú yàrá náà.

"Ó dọ́wọ́, Bàámi."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yíjú padà.

* * *

Ibẹ̀ ni Bàbá sọ ọ́ dé. Rùkáyà ti dojú fóònù rẹ̀ délẹ̀. Inú mi bàjẹ́, inú mi sì dùn, n kò sì mọ èwo ni kí n jẹ́ kó hàn lójú mi. Ọkọ̀ Ìkòròdú á ti máa kún. Mo dìde, mo ṣí àpò mi.

Bàbá mú ẹja kan nínú ẹja yíyan tí mo rà wá, wọ́n fi ìwé wé e pé kí n gbé e dání lọ. Wọn kò fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n jù ú sí mi láti orí àga, láìsọ fún mi. Èmi tí n kò hán nǹkan rí láyé mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì àti ikùn gbà á.

Wọn kò yíjú padà. Wọ́n ń retí.

"Ó dọ́wọ́, Bàbá," ni mo sọ, mo sì sọ ọ́ sókè.